Sí Ẹgbẹ́ Aránṣọ Àdúgbò Wa ní Iléṣà: Ẹ Jọ̀ọ́, Ẹ Má Gbé Àwòrán Ẹnikẹ́ni Síta

Ẹ̀yin ìyá mi, ẹ̀yin bàbá mi, Alága, Ìyá Ẹgbẹ́, Akọ̀wé, àti gbogbo ẹ̀yin ọ̀gá tí ọmọ ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ yín, mo kí yín o. Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú àìsí iná, ẹ kú ìrọ́jú ọjà.

Mo gbọ́ ìpinnu tí ẹ ṣe nípàdé lórí ọ̀rọ̀ àbúrò mi, aránṣọ tí wọ́n fi ṣẹ̀sín lórí ayélujára. Wọ́n ní ẹ ti dáwó jọ, ẹ sì ti rí ọmọkùnrin kan tó gbọ́ nípa kọ̀ǹpútà tí yóò bá yín tú àṣírí ẹni tó ń fi orúkọ ìbòjú bú u. Wọ́n ní bí ẹ bá ti mọ onítọ̀hún, ẹ ó gbé àwòrán rẹ̀, orúkọ rẹ̀ àti agboolé tí wọ́n ti bí i sórí Facebook, kí gbogbo Ìjẹ̀ṣà nílé lóko lè bá yín bú u padà. Ìfẹ́ tí ẹ ní sí ọmọ yín ló fa èyí, mo mọ̀ ọ́n, mo sì dúpẹ́ gan-an. Ṣùgbọ́n mo bẹ̀ yín pẹ̀lú ìdọ̀bálẹ̀, ẹ dá a dúró. Gbangba ni wọ́n ti fi ọmọ náà ṣẹ̀sín, ìdí nìyẹn tí mo fi kọ lẹ́tà yìí sí gbangba, nítorí pé àwọn tó rẹ́rìn-ín níbẹ̀ ju ẹgbẹ́ yín lọ, mo sì fẹ́ kí àwọn náà kà á.

Fún ẹni tí kò mọ̀ mí, iṣẹ́ olùdámọ̀ràn ni mò ń ṣe ní ilé-ẹ̀kọ́ girama kan níbí. Ẹ̀kọ́ nípa ọkàn àti ìwà ẹ̀dá ni mo kà ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ifẹ̀. Ọ̀rọ̀ èébú orí fóònù ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń gbé wá bá mi jù báyìí, ó ju ìfẹ́ ó ju ìdánwò lọ. Nítorí náà, bí kì í bá ṣe àbúrò mi lọ́rọ̀ kàn, ohun tí n ó sọ náà nìyí.

Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀ gan-an, torí ohun tí ọ̀pọ̀ yín rí lórí fóònù kọ́ ló ṣẹlẹ̀. Oníbàárà kan gbé léèsì wá pé kí àbúrò mi fi rán gáùn ìgbéyàwó, ó sì fi sítáìlì tó fẹ́ hàn án. Àbúrò mi gé e, ó wá fi abẹ́rẹ́ mú ẹ̀gbẹ́ méjèèjì mọ́ra kí oníǹkan lè wọ̀ ọ́ wò. Kò sí aránṣọ nínú yín tí kì í ṣe bẹ́ẹ̀, ta ni yóò rán ẹ̀gbẹ́ gáùn pa kí ó tó mọ̀ bóyá ó fún tàbí ó tóbi? Oníbàárà ya ara rẹ̀ ní fọ́tò nínú dígí, ó fi ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Bí fọ́tò náà ṣe dé ọwọ́ ẹni tí kò yẹ kó dé, kò sẹ́ni tó lè sọ. Ohun tí a mọ̀ ni pé ẹnìkan gbé e sí ẹ̀gbẹ́ àwòrán sítáìlì náà, ó gé ibi tí abẹ́rẹ́ ti hàn kúrò, ó sì kọ orúkọ ṣọ́ọ̀bù àbúrò mi sí i. Bí ẹ bá tún fọ́tò náà wò, ẹ wo abẹ́ abíyá òsì dáadáa. Orí abẹ́rẹ́ kan ṣoṣo wà níbẹ̀ tí wọn kò rí gé, ó ń dán.

Àbúrò mi rán gáùn náà parí. Ìyàwó wọ̀ ọ́ lọ́jọ́ ìgbéyàwó, ó sì jó nínú rẹ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú. Fọ́tò ọjọ́ náà wà. Kò sí ẹyọ ẹnìkan nínú àwọn tó rẹ́rìn-ín tó gbé ìyẹn.

Ọ̀rọ̀ aṣọ ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Ẹnìkan béèrè bóyá eyín ni ó fi gé e. Òmíràn ní kí wọ́n gba ẹ̀rọ ìránṣọ lọ́wọ́ rẹ̀ kó tó pa èèyàn. Nígbà tó yá, wọ́n kúrò lórí aṣọ, wọ́n dé orí imú rẹ̀, wọ́n dé ara ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́, tí ẹ̀yin gbogbo ń pè ní ìyá. Lẹ́yìn náà ni ẹni tó ni orúkọ ìbòjú yẹn wá kọ ọ́ pé owó oògùn bàbá rẹ̀ tí àìsàn rọpárọsẹ̀ dá dúbúlẹ̀ ló ń wá kiri, ìyẹn ló fi ń ba aṣọ oníaṣọ jẹ́. Àwọn èèyàn tún rẹ́rìn-ín sí i.

Àbúrò mi ti ṣọ́ọ̀bù pa. Kì í sùn dáadáa mọ́. Bí mo bá gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀, á ní òun fẹ́ fi wo aago. Bí mo bá dá a padà, á tún lọ ka gbogbo ọ̀rọ̀ náà láti òkè dé ìsàlẹ̀, bí ẹni pé ó ń wá ẹyọ kan tó dára níbẹ̀. Àwa tí a máa ń sọ pé ikú yá ju ẹ̀sín, ó yẹ kí ó yé wa pé ohun tí wọ́n gbé kalẹ̀ fún ọmọ ọlọ́mọ kì í ṣe eré.

Ohun tí mo ń gbọ́ lẹ́nu gbogbo yín ni pé ìkà ni onítọ̀hún, pé ọmọ tí kò ní ẹ̀kọ́ ilé ni. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀ lóòótọ́. Àwọn kan wà tí ìrora ẹlòmíràn máa ń dùn mọ́. Ní 2014, Erin Buckels àti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ méjì ní Kánádà bi àwọn èèyàn léèrè ohun tí wọ́n fẹ́ràn láti máa ṣe jù lọ nígbà tí wọ́n bá wà láàárín èrò lórí ayélujára. Àwọn kan ní àríyànjiyàn, àwọn kan ní ìtàkùrọ̀sọ, àwọn kan ní kí àwọn wá ọ̀rẹ́ tuntun. Ìdá 5.6 nínú ọgọ́rùn-ún ló jẹ́wọ́ pé fífi èèyàn ṣẹ̀sín kí inú lè bí i ni àwọn fẹ́ràn jù. Nígbà tí wọ́n wá yẹ ìwà àwọn wọ̀nyí wò, èyí tó so mọ́ ọn jù nínú gbogbo ìwà burúkú tí wọ́n wọ̀n ni pé inú wọn ń dùn bí ara bá ń ni ẹlòmíràn. Ní 2017, Natalie Sest àti Evita March ní Ọsirélíà tún rí ohun kan tó dẹ́rù bà mí ju ìyẹn lọ: àwọn kan nínú irú àwọn èèyàn bẹ́ẹ̀ mọ ohun tó lè dun ẹni dáadáa. Wọ́n gbọ́n sí i. Kò kàn ní í dùn wọ́n ni.

Ẹni tó kọ ọ̀rọ̀ oògùn bàbá wa mọ ohun tó ń ṣe. Ó mọ ojú egbò, ibẹ̀ gan-an ló fọwọ́ tẹ̀. Ẹ jẹ́ n sọ ọ̀rọ̀ kan tó wúwo lẹ́nu mi níbí. Inú ìpàdé yín ni wọ́n ti sọ̀rọ̀ àìsàn bàbá wa, nígbà tí ẹ dá owó oògùn fún wa, tí a sì wá dúpẹ́ lọ́wọ́ yín. Àwọn tó mọ̀ ọ́n nínú ìlú kò pọ̀. N kò fi ẹ̀sùn kan ẹnikẹ́ni, n kò sì ní orúkọ ẹnikẹ́ni lọ́kàn. Mo kàn fẹ́ kí ẹ rántí èyí kí ẹ tó rán ọmọkùnrin oníkọ̀ǹpútà yín níṣẹ́, kí ẹ sì bi ara yín pé, bí abúni náà bá lọ jẹ́ ọmọọṣẹ́ ọ̀kan nínú yín ńkọ́? Bí ó bá jẹ́ ọmọ tí ẹ bí ńkọ́?

Ìkà kan ni mo ti ń bá wí láti ìgbà yìí wá. Àwọn tó kọ̀wé sábẹ́ fọ́tò náà lé ní igba, mo sì mọ àwọn kan nínú wọn. Ọ̀kan ń kọrin nínú ẹgbẹ́ akọrin ìjọ wa. Ọ̀kan ń ta bọ́tìnnì àti òwú ní ọjà Àtàkúnmọ́sà, ọwọ́ rẹ̀ ni àbúrò mi ti ń rajà. Ìkà kọ́ ni wọ́n, mo lè búra. Báwo ni wọ́n ṣe débẹ̀?

Ìwádìí tó dáhùn ìbéèrè yìí jù lójú mi ni èyí tí Justin Cheng àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Stanford àti Cornell, ní Amẹ́ríkà, gbé jáde ní 2017. Wọ́n pe èèyàn 667. Wọ́n fún àwọn kan ní ìdánwò tó rọrùn, wọ́n ní wọ́n ṣe dáadáa. Wọ́n fún àwọn yòókù ní èyí tó le, wọ́n ní wọ́n kùnà. Lẹ́yìn náà, wọ́n ní kí oníkálukú ka ìròyìn kan, kí ó sì sọ èrò rẹ̀ sí i. Àwọn kan bá ọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ tí ẹlòmíràn ti kọ síbẹ̀, àwọn kan bá èébú. Àwọn tí inú wọn dùn tí wọ́n sì bá ọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, ìdá 35 nínú ọgọ́rùn-ún ohun tí wọ́n kọ ló jẹ́ ẹ̀sín tàbí èébú. Àwọn tí inú wọn bàjẹ́ tí wọ́n sì bá èébú nílẹ̀, ó fò dé 68. Irú èèyàn kan náà ni gbogbo wọn o. Kò sẹ́ni tó kọ́kọ́ lọ wá ìkà kiri láti fi ṣe ìdánwò náà. Wọ́n tún yẹ mílíọ̀nù 16 ọ̀rọ̀ wò tí àwọn èèyàn ti kọ sábẹ́ ìròyìn CNN, wọ́n rí i pé èébú máa ń pọ̀ lálẹ́ ju àárọ̀ lọ, ó sì máa ń pọ̀ lọ́jọ́ Mọ́ńdè.

Ẹ wá wo ìlú wa. Èèyàn jókòó sí ṣọ́ọ̀bù láti àárọ̀, oníbàárà kan ò yà. Iná lọ láti ọ̀sán, epo tó kù nínú jẹnẹrétọ̀ kò tó rán ìró kan. Onílé ti ránṣẹ́ owó ilé. Ó délé, ó dùbúlẹ̀, ó ṣí fóònù, ó bá ogún èèyàn tí wọ́n ń fi ọmọ kan rẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló fẹ́ fi kún un. Kò rí i bí ìkà, torí ìkà ti wà nílẹ̀ kó tó dé. Òun kàn bá wọn dá sí i ni. Tó bá sì jẹ́ pé aránṣọ ni òun náà, tí ọmọ kékeré tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba òmìnira ti ń gba oníbàárà mọ́ ọn lọ́wọ́, ẹ̀rín yẹn á tún dùn sí i. Ẹ má bínú sí mi, a mọ ìlara láàárín àwa oníṣẹ́ kan náà. Ó wà láàárín àwa olùkọ́ pẹ̀lú.

Ṣùgbọ́n kí ló dé tí obìnrin olóòwú yẹn kò lè dúró ní ìsọ̀ rẹ̀ kí ó sọ ọ̀rọ̀ náà sí àbúrò mi lójú? John Suler, onímọ̀ nípa ọkàn ní Amẹ́ríkà, ti kọ ọ́ láti 2004 ohun tó máa ń tú ìjánu ẹnu èèyàn lórí ayélujára. Wọn kò mọ̀ ọ́n, wọn kò rí i. Kò ní í dúró gbọ́ èsì. Á sọ ọ́, á bá tirẹ̀ lọ. Ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn tó ń kà ń dún nínú rẹ̀ bí ohùn ara rẹ̀, kò rí èèyàn níbẹ̀. Ó ń wo gbogbo rẹ̀ bí eré tí kò kan ayé gidi. Kò sì sí àgbà níbẹ̀ tí yóò bá a wí. Ibi tí Suler mẹ́nu ba àgbà yìí ló ká mi lára jù, torí nílẹ̀ wa, kí a tó kí èèyàn a ti wò ó bóyá ó jù wá lọ. Lórí fóònù, àwòrán òdòdó àti orúkọ àdàpè ni a ń rí. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún lè máa bú ìyá tí ó jù ú lọ ní ogójì ọdún, kò sì ní mọ̀. Tó bá sì wá mọ̀, ó ti ń tijú jù láti padà bẹ̀bẹ̀.

Àwọn bàbá wa kì í ṣe ẹlẹ́nu tútù, a kò gbọ́dọ̀ purọ́. Òṣómàáló ni ìran wa. Aṣọ ni wọ́n ń tà, wọ́n ń gbé e lọ láti ìlú dé ìlú ní àwìn, bí ọjọ́ owó bá sì pé, wọn a lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè, wọn ò ní í dìde. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń sọ níbẹ̀ kì í ṣe èyí tí èèyàn fẹ́ kí àna òun gbọ́. Síbẹ̀, òṣómàáló gbé ojú rẹ̀ wá. Ó rí onígbèsè, onígbèsè rí i. Bí ọmọ ń ṣàìsàn lórí ẹní nínú ilé yẹn, ojú rẹ̀ tó o. Ó mọ iye tí òun wá gbà, bí ó bá ti gbà á, ó dìde, ó sì tún lè tajà fún ẹni yẹn lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Ẹni tó ń bú àbúrò mi kò ní iye kan tí a lè san fún un kí ó dìde.

Àwọn olùwádìí méjì ní Ísírẹ́lì, Noam Lapidot-Lefler àti Azy Barak, gbìyànjú láti mọ èwo ló burú jù nínú kí orúkọ fara sin, kí ara má hàn, àti kí ojú má ṣe ṣe mẹ́rin. Wọ́n kó àwọn èèyàn ní méjì-méjì, wọ́n ní kí wọ́n jọ fi kọ̀ǹpútà yanjú ọ̀rọ̀ kan tó le. Èsì tí wọ́n gbé jáde ní 2012 ni pé àìwo ara ẹni lójú ló ń fa èébú àti ìhalẹ̀ jù lọ, ó ju àìmọ orúkọ lọ. Ojú lọ̀rọ̀ wà, àwọn àgbà wa kò purọ́.

Nítorí náà ni mo fi ń sọ fún yín pé orúkọ tí ẹ fẹ́ tú síta yẹn kọ́ ni òògùn ọ̀rọ̀ yìí. Orílẹ̀-èdè Gúúsù Kòríà ti gbà rí pé òun ni òògùn rẹ̀. Ní 2007 wọ́n fi òfin dè é pé kí àwọn ojúlé ńlá orí ayélujára kọ́kọ́ mọ orúkọ gidi ẹni tó bá fẹ́ kọ̀wé síbẹ̀. Ní 2011 àwọn olè wọ ọ̀kan nínú àwọn ilé-iṣẹ́ ayélujára ibẹ̀, wọ́n jí àkọsílẹ̀ èèyàn mílíọ̀nù 35 kó. Nígbà tó fi di oṣù kẹjọ 2012, ilé-ẹjọ́ tó ń rí sí ìwé òfin ilẹ̀ wọn wọ́gi lé òfin náà. Ní Jámánì ńkọ́? Katja Rost àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Zurich yẹ ọ̀rọ̀ tó lé ní ìdajì mílíọ̀nù wò tí àwọn ará Jámánì kọ nígbà tí wọ́n ń fọwọ́ sí ìwé ẹ̀hónú lórí ayélujára. Ní 2016 ni wọ́n gbé e jáde pé àwọn tó lo orúkọ gidi ni ọ̀rọ̀ wọn le jù. Bí mo bá rò ó, kò yà mí lẹ́nu. Ẹni tó bá ti gbà pé òdodo ni òun ń jà fún kì í fi orúkọ pamọ́, ó fẹ́ kí wọ́n rí òun.

Ohun tó máa ṣẹlẹ̀ nìyẹn bí ẹ bá gbé àwòrán abúni yẹn síta. Ẹgbẹ̀rún èèyàn ni yóò yọ sí i, pẹ̀lú orúkọ àti fìlà lórí, wọn á sì máa pè é ní òdodo. Wọ́n á bú ìyá rẹ̀ tí kò mọ̀dí. Wọ́n á wá àìsàn bàbá tirẹ̀ náà rí. Ẹ óò ti fi ọwọ́ ara yín dá ọjà kan náà sílẹ̀, ojú tuntun la kàn gbé sórí àtẹ. A kì í torí pé a bínú orí ká fi fìlà dé ìbàdí.

Ẹ tún rò ó bí ọmọkùnrin oníkọ̀ǹpútà bá ṣì í. Ní agboolé wa, fóònù kan, èèyàn mẹ́rin lè máa lò ó. Orúkọ ìyá lè wà lórí káàdì fóònù tí ọmọ fi ń bú èèyàn. Òfin ìwà ọ̀daràn orí ayélujára tí Nàìjíríà ṣe ní 2015, tí wọ́n tún ṣe ní 2024, ní abala 24 tó sọ̀rọ̀ lórí ẹni tó bá mọ̀ọ́mọ̀ fi irú irọ́ kan ránṣẹ́ sórí ayélujára. Owó ìtanràn rẹ̀ lè tó mílíọ̀nù méje náírà, ẹ̀wọ̀n rẹ̀ lè tó ọdún mẹ́ta. Gbogbo èébú kọ́ ni òfin náà mú, lọ́yà ló sì lè sọ ibi tó dé, àmọ́ n kò fẹ́ kí ẹgbẹ́ tó ń dáwó oògùn fún aláìsàn lọ máa dáwó lọ́yà.

Ohun tó kàn, tí mo mọ̀ pé kò ní í dùn létí, ni ọ̀rọ̀ ẹ̀rín. Nínú àwọn tó fi àmì ẹ̀rín sí fọ́tò yẹn, mo ka orúkọ àwọn ọmọ ẹgbẹ́ yín níbẹ̀, orúkọ gidi, pẹ̀lú àwòrán ṣọ́ọ̀bù wọn. Wọn kò kọ ọ̀rọ̀ kankan. Wọ́n kàn rẹ́rìn-ín ni. Àmọ́ ẹ̀rín yẹn ni owó iṣẹ́ abúni. Ní 2021, William Brady, Molly Crockett àti àwọn mìíràn ní Yale tọpa èèyàn 7,331 lórí Twitter, ọ̀rọ̀ tí wọ́n yẹ̀ wò jẹ́ mílíọ̀nù 12.7. Ẹni tí wọ́n bá fi ìfẹ́ hàn sí ọ̀rọ̀ ìbínú tó kọ lónìí, á tún bínú sí i níwájú, torí ó ti rí i pé ó ń pawó. Àwọn tí ìyìn yìí sì ń yí padà jù ni àwọn tó wà láàárín ọ̀rẹ́ tí wọn kì í ṣe alágídí. Àwọn èèyàn jẹ́jẹ́ ni wọ́n ń kọ́, díẹ̀díẹ̀, pẹ̀lú àmì kékeré téèyàn ń fi àtàǹpàkò tẹ̀. Ẹni tó kọ́kọ́ bú aṣọ ọmọ náà rí ogún ẹ̀rín. Ó bú imú, ó rí ọgọ́rùn-ún. Ta ni kò ní í wá bú bàbá?

Nítorí náà, ohun tí mo ń bẹ̀ yín fún kò ju agbára yín lọ.

Ẹ kọ́kọ́ bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ yín tó rẹ́rìn-ín sọ̀rọ̀, lẹ́nu ara yín, kì í ṣe lórí WhatsApp ẹgbẹ́. Kí wọ́n yọ àmì náà kúrò, kí wọ́n sì yà lọ́dọ̀ àbúrò mi nílé, ní ẹnìkọ̀ọ̀kan, kí wọ́n wò ó lójú. Bí wọn kò bá mọ ohun tí wọ́n máa sọ, kí wọ́n jókòó tì í. Èyí ṣe pàtàkì sí mi ju owó tí ẹ dá lọ.

Ẹ ṣe é ní òfin ẹgbẹ́ pé ẹjọ́ aṣọ, aṣọ la fi ń rò ó. Ẹni tó bá rí iṣẹ́ tí kò dáa kí ó gbé aṣọ náà wá sí ìpàdé, kí ẹ tẹ́ ẹ sórí tábìlì, kí ẹ fọwọ́ yẹ ojú rírán rẹ̀ wò níwájú ẹni tó rán an. Bí ọmọ bá ba aṣọ jẹ́, kí ó san án, kí ọ̀gá rẹ̀ sì tún un kọ́. N kò ní kí ẹ máa bo iṣẹ́ burúkú mọ́lẹ̀ fún ẹnikẹ́ni.

Bí irú èyí bá tún ṣẹlẹ̀ sí ọmọ ẹgbẹ́ yín, ẹ má dúró di ọjọ́ ìpàdé. Ẹ rántí ìdánwò tí wọ́n fi èèyàn 667 ṣe: ohun tí èèyàn bá bá nílẹ̀ ló ń kọ́ ọ bí yóò ṣe sọ̀rọ̀. Bí ọ̀gá márùn-ún nínú yín bá tètè débẹ̀, tí wọ́n kọ ọ́ jẹ́jẹ́ pé "Abẹ́rẹ́ ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ aṣọ yìí, wọn ò tíì rán an, ẹ dúró kí ẹ rí i tó bá parí," ẹni tó bá dé lẹ́yìn yín á ronú kó tó la ẹnu. Ẹ má bú ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Ẹ má sì kọ ọ́ lálẹ́ nígbà tó ti rẹ̀ yín, ẹ jẹ́ kí ilẹ̀ mọ́. Ẹnìkan tó sún mọ́ ọmọ náà kí ó gba fóònù rẹ̀, kí ó bá a pa ohun tó yẹ kí ó pa rẹ́, kí ó má bàa jẹ́ òun fúnra rẹ̀ ni yóò máa ka èébú ara rẹ̀.

Ẹni orúkọ ìbòjú ńkọ́? Bí ó bá jẹ́ irú àwọn tí ìrora ń dùn mọ́, ẹ má fún un ní èsì kankan, èsì ni oúnjẹ rẹ̀. Ẹ dí i, ẹ fi ẹjọ́ rẹ̀ sun àwọn tó ni ojúlé náà, bí ó bá sì halẹ̀ mọ́ ẹ̀mí ẹnikẹ́ni, ẹ mú un tọ àwọn ọlọ́pàá lọ. Àmọ́ bí ọmọ yín kan bá fúnra rẹ̀ wá jẹ́wọ́ fún yín, mo sì ní ìrètí pé yóò rí bẹ́ẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe fídíò. Ẹ pe òun àti àbúrò mi sínú yàrá kan pẹ̀lú Ìyá Ẹgbẹ́ àti àwọn òbí méjèèjì. A ó gbé bàbá wa wá, bí ara rẹ̀ bá gbà. Ẹ jẹ́ kí ó jókòó kọjú sí wọn, kí ó sọ ohun tó kọ, kí ó sì gbọ́ ohun tí wọ́n máa fi dá a lóhùn. Ìyẹn á le fún un ju kí ẹgbẹ̀rún èèyàn bú u lórí Facebook lọ, ó sì lè tún un ṣe.

Owó tí ẹ dá fún ọmọkùnrin oníkọ̀ǹpútà, bí ẹ kò bá tíì san án, ẹ fi sí àpò ẹgbẹ́.

Aṣọ mẹ́ta ló ṣì wà ní ṣọ́ọ̀bù àbúrò mi tí àwọn oníbàárà ti san àsansílẹ̀ lé lórí, ọ̀kan nínú wọn jẹ́ aṣọ ìkómọjáde. Ó ní òun ṣetán láti ṣí ìlẹ̀kùn, ṣùgbọ́n kò fẹ́ dá nìkan wà níbẹ̀ ní ọjọ́ àkọ́kọ́. Iṣẹ́ ilé-ẹ̀kọ́ kò ní í jẹ́ kí n lè jókòó tì í títí di ìrọ̀lẹ́. Mo ń wá ọ̀gá kan nínú yín tí yóò gbé iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ wá sí Òkèsà, tí yóò bá a rán ọ̀sẹ̀ kan. Ẹni tó bá lè ṣe é, kí ó ránṣẹ́ sí mi nípasẹ̀ Akọ̀wé kí ìpàdé tó ń bọ̀ tó pé.

Èmi ni tiyín,
ọmọ yín, olùkọ́, ní Iléṣà.